Alùpùpù Oníjòókòó Kan: Èsì Mi fún Àwọn tí ó Ní N Kì í Ṣe Ọmọlúàbí

  Mo mọ̀ pé apá kejì ọ̀rọ̀ ìpajẹ fáwẹ́lì ni ẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ fi orí jì mí, yóò dé. Ọ̀rọ̀ kan ni ó há mi lọ́fun, bí n kò bá sì sọ ọ́ jáde, n kò ní lè fi ọkàn kan kọ ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé yàtọ̀ sí ìwé àti gírámà, ohun kan ṣoṣo tí owó mi ń bá lọ ni alùpùpù ńlá, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páwà báìkì. Honda CBR600RR ni tèmi, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005, tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2011. Ìjókòó méjì ni ó bá dé ọwọ́ mi: èyí tí awakọ̀ ń jókòó lé níwájú, àti tìmùtìmù kékeré kan tí ó ga sókè lẹ́yìn, lórí ìrù, fún ẹnìkejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 ni mo ti yọ ti ẹ̀yìn kúrò. Mo fi ike kan tí ó yọ gọnbu bí iké dí ojú rẹ̀, mo sì tú irin tí èrò ń fi ẹsẹ̀ lé kúrò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Alùpùpù mi di oníjòókòó kan.

Ní oṣù tí ó kọjá, ní kílọ́ọ̀bù àwọn olùkọ́ ní yunifásítì wa, ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti ń kọ́ni kí n tó wọlé ẹ̀kọ́ gíga pè mí síwájú gbogbo èrò. Ó ní, 'Dókítà, ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àṣà Yorùbá, ìwọ ni o yọ ìjókòó ẹnìkejì kúrò lórí alùpùpù rẹ! Ṣé Yorùbá ni ìyẹn? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìwà tèmi-nìkan-ṣá ti òyìnbó ni o kó wá bá wa.' Àwọn tí ó jókòó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé é.' Kí ni n bá tún sọ? A kì í bá àgbà fà á nídìí ìgò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí ìgò ni mo wà báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bí ẹ̀sùn náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ àgbà olùkọ́ kan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kò jìnnà sí Aṣéjìrẹ́. Mo bá wọn níbẹ̀. N kò lè gbé wọn. Mo dúró tì wọ́n fún wákàtí kan àbọ̀ nínú oòrùn, títí ọkọ̀ kan tí ó ní àyè fi dé. Mo gbé àpò wọn sínú rẹ̀, mo sì tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó dé kílọ́ọ̀bù ni pé mo gba ẹ̀gbẹ́ bàbá kọjá fìrì nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín alùpùpù mi. Bàbá fúnra wọn ni ó bá mi já a nírọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn: irọ́ ti jẹun tán kí òótọ́ tó wẹ ọwọ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Yorùbá tí wọ́n fi ń lù mí.

Ta ni ó sọ fún wọn pé kí ènìyàn kan ṣoṣo gun nǹkan kì í ṣe ti Yorùbá? Kí alùpùpù tó dé, ẹṣin ni àwọn baba wa ń gùn. Agbára ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi gbilẹ̀ tí apá rẹ̀ fi ká Dahomey pàápàá. N kò tíì kà á nínú ìwé ìtàn kankan, n kò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu arókin kankan, pé jagunjagun kan gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ẹṣin lọ sójú ogun. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà wa náà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń gun ẹṣin náà. Bí ènìyàn mìíràn bá wà lára òpó, kì í ṣe orí ẹṣin ni ó wà. Ṣé Ọlọ́wẹ̀ náà ti kó ìwà òyìnbó ni?

Wọn yóò ní ìyá ń pọn ọmọ. Inú mi dùn pé wọ́n mú un wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí mi wà. Ìyá tí ó bá pọn ọmọ ń fi ọ̀já gbà á. Ọ̀já ni ó sọ ara méjì di ọ̀kan: bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀, bí ìyá bá yí sí ọ̀tún, ọmọ yí sí ọ̀tún. Ọ̀já dà lórí alùpùpù? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èrò ẹ̀yìn náà kò mọ̀ pé kòtò ń bẹ níwájú, nítorí akoto awakọ̀ ni ó dí i lójú. Ọmọ ọwọ́ kò wúwo, a sì ti dì í mọ́ ara. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn mi lè wọn àádọ́rin kílò lórí alùpùpù tí òun pẹ̀lú epo inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí igba kílò lọ, kò sì sí ohun tí ó dì í mú àfi ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo tilẹ̀ rò pé èdè wa wà lára ohun tí ń tàn wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì gbà mí láàyè kí n lo iṣẹ́ mi díẹ̀. Nínú ọkọ̀, Yorùbá ya ẹni méjì sọ́tọ̀ kedere: awakọ̀ ń wa ọkọ̀, èrò ń wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó wọ bọ́ọ̀sì láti Òjóta dé Ìbàdàn kò ní sọ láéláé pé òun wa bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí alùpùpù, ìyàtọ̀ náà pòórá. Ẹni tí ó di hándù mú ń gun ọ̀kadà. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀, òun náà yóò délé, yóò ní òun gun ọ̀kadà wá ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fún ẹni tí ń darí àti ẹni tí a ń gbé. Gírámà fi àwọn méjèèjì sí ipò kan náà. Ẹ̀rọ kò fi wọ́n sí ipò kan náà rárá.

Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kadà, orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo sọ. Bàálù ń gbé èrò. Alùpùpù tí ń gbé èrò la àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá yá bíi bàálù. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí bàálù fi kógbá wọlé. Nítorí náà, alùpùpù tí ó wà ní ọkàn ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ti akérò. Ojú ọ̀kadà ni ó fi ń wo ohun tí kì í ṣe ọ̀kadà.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ìjókòó ọ̀kadà gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga. Èrò jókòó déédéé pẹ̀lú awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ti páwà báìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ dojú bolẹ̀ lórí táǹkì epo, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, ìdí rẹ̀ ga sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ní òkè ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí, ni wọ́n gbé tìmùtìmù kékeré náà lé. Irin ìfẹsẹ̀lé ga tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún èrò fi ń kan ìhà rẹ̀. Ohun ìdìmú kò sí ju okùn pẹlẹbẹ kan tí ó gba orí tìmùtìmù kọjá lọ, tàbí ìbàdí awakọ̀. Nínú irú tèmi, abẹ́ ìrù gan-an ni sàlẹ́ńsà gbà jáde, nítorí náà èrò jókòó lórí iná.

Ìyẹn kò tíì burú. Ibi tí ó ti burú ni ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì. Bí mo bá tẹ bíréèkì iwájú gírígírí, ohun gbogbo tí ó wà lórí alùpùpù yóò fẹ́ máa bá eré rẹ̀ lọ síwájú. Èmi lè fi orúnkún fún táǹkì pọ̀, kí n fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ irin. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò ní táǹkì tí yóò fún pọ̀. Èmi ni táǹkì rẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ yóò rọ́ lù mí lẹ́yìn, yóò sì gba apá mi kọjá sí orí hándù, ọwọ́ tí ó yẹ kí n fi darí yóò wá di òpó tí ó gbé ènìyàn méjì ró. Bí mo bá sì ki eré mọ́lẹ̀, ìwúwo tí ó ga, tí ó sì wà lẹ́yìn, yóò mú kí táyà iwájú fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Táyà tí kò bá tẹ ilẹ̀ dáadáa kò lè yà. Kò sí àdúrà tí ó lè yí ìyẹn padà.

Kí ni wọ́n wá fi í síbẹ̀ fún? Èrò tèmi ni pé ọjà ni. Ẹni tí ń rà á fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé ìyàwó òun náà lè bá òun lọ. Ẹ wo Ducati 916, èyí tí Massimo Tamburini yà, tí ó jáde ní ọdún 1994. Oníjòókòó kan ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni oníjòókòó méjì tó dé, tí wọ́n pè ní Biposto. Irú rẹ̀ ni Carl Fogarty fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Superbike ní 1994 àti 1995, kò sì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ London tí wọ́n ń pàdé ní Ace Cafe ti ń tú ìjókòó gígùn kúrò lórí Triumph àti Norton wọn, tí wọ́n ń fi oníké kan rọ́pò rẹ̀. Ara alùpùpù eré ìje ni wọ́n ti wò ó. Iké ẹ̀yìn náà ní iṣẹ́ níbẹ̀: ó ń dí ìdí awakọ̀ mú kí ó má yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí eré bá pọ̀. (Àwọn ará Ítálì ń pe méjèèjì ní monoposto àti biposto, ohun tí ó túmọ̀ sí aláàyè kan àti aláàyè méjì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílé wọn ni wọ́n lò. Àwa náà ní oní-, a ní ìjókòó. Oníjòókòó kan, oníjòókòó méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi pé a kò lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ alùpùpù. Ẹ bá mi fi ojú ìwé yìí hàn án.)

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ni mo ti kà á. Kì í ṣe ìwé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀ mí pé kí n gbé òun láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń bẹ̀ mí. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.' Akoto tí mo fún un tóbi jù ú lọ. Sálúbàtà ni ó wọ̀, mo sì rí i pé sálúbàtà ni, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a sún mọ́ Ìkirè, àgùntàn méjì sáré bọ́ sí ojú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe lu ẹ̀yìn mi, akoto rẹ̀ sì lu akoto mi gbàù. Ọwọ́ mi ṣẹ́ po lórí hándù, táyà iwájú yọ̀, a sì wà nílẹ̀. Awọ ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá ní ibi méjì. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Títí di òní, ó ń tiro díẹ̀, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́.

Ìyá wa kò bá mi jà. Mo ti múra sílẹ̀ de ìjà, kò jà. Nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù náà dé ilé, ó jáde sí àgbàlá, ó bi mí pé, 'Níbo ni ó jókòó sí?' Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tìmùtìmù náà, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú, ó wọ̀n ọ́n ní òòró. Ó ní, 'Ibí yìí?' Ó sì padà wọlé.

Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni mo yọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ìyẹn ní ìwà tèmi-nìkan-ṣá, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ìyá mi.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ yí ojú sí àwọn tí wọ́n rò pé ìhà kan náà ni a wà, nítorí pé lóòótọ́, wọ́n ń bí mi nínú ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àwọn wọ̀nyí náà ń sọ alùpùpù di oníjòókòó kan, ṣùgbọ́n nítorí ẹwà lásán ni, wọ́n sì ń ṣe é bí ẹni tí ń pa ejò.

Iṣẹ́ tí ó rọrùn ni, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù eré, kọ́kọ́rọ́ kan ni ó ń ṣí tìmùtìmù ẹ̀yìn. Ẹ ó yí i, ẹ ó gbé tìmùtìmù kúrò, ẹ ó sì fi ìdérí ike tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe rọ́pò rẹ̀, yóò sì wọ inú ìkọ́ kan náà. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi sípánà tú irin ìfẹsẹ̀lé. Ẹ ṣọ́ra níbí: nínú àwọn alùpùpù mìíràn, irin yìí kan náà ni ó gbé sàlẹ́ńsà rọ̀, bí ẹ bá yọ ọ́ láìwá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, sàlẹ́ńsà yóò máa mì títí yóò fi já. Ohun tí ó kẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí, ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti yí i le tẹ́lẹ̀ kí ó lè gba ènìyàn méjì, ẹ dá a padà sí ti ẹnìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn alùpùpù yóò máa fò lórí gbogbo gegele.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ wa ń ṣe? Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi lọ bá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gé ìrù yìí dànù, ẹ ó rí bí yóò ti rẹwà tó.' Ìrù tí ó fẹ́ gé kì í ṣe ike lásán. Irin tí ó gbé ìjókòó ró wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì gbé èmi fúnra mi. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára alùpùpù eré òde òní, àlùmíníọ̀mù ni irin yìí. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà tí ń fi igi wẹ́dà jó géètì kò lè jó àlùmíníọ̀mù pọ̀ kí ó dì. Ó ní ẹ̀rọ mìíràn àti gáàsì mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí yóò jó fún yín yóò lẹ̀ mọ́ra fún oṣù mẹ́ta, yóò sì fi ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ tí ẹ bá já sínú kòtò. Àṣírí ibẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan. Bóòtù ni wọ́n fi de irin ẹ̀yìn yìí mọ́ ara irin ńlá nínú ọ̀pọ̀ wọn. A lè tú u, kí a gbé e pamọ́, kí a fi èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnìkan rọ́pò rẹ̀. Ohun tí a bá tú ni a lè dá padà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, iná ẹ̀yìn kò ní ilé mọ́. Wọ́n á fi wáyà so ó rọ̀. Tìràfíkétọ̀ á di ohun tí a ń fi sínú àpò. Mọ́gáàdì ti lọ pẹ̀lú ìrù, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, táyà á máa da ẹrẹ̀ sí awakọ̀ lẹ́yìn láti ìdí dé orí akoto. Mo rí ọ̀kan ní Bódìjà tí aṣọ funfun rẹ̀ ti ní ilà pupa gbọọrọ ní àárín ẹ̀yìn. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Wọn yóò sì sọ fún yín pé ó ti yá sí i. Irọ́ ni. Tìmùtìmù, irin ìfẹsẹ̀lé méjèèjì, àti bóòtù wọn, wọn kò wúwo tó ìṣù iṣu gidi kan. Ẹran tí awakọ̀ jẹ níbi ìkómọ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí ń sáré ìje, ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá lè jẹ́ owó. Fún ẹni tí ń lọ láti Mọ́kọ́lá sí Ring Road, asán ni.

Èyí tí ó burú jù lọ, mo fi í sí ìkẹyìn nítorí kí n má baà bínú jù kí n tó débẹ̀. Wọ́n á fi ike dí ojú ìjókòó ẹ̀yìn, kí alùpùpù lè dà bí ti eré ìje, wọ́n á sì tún gbé ọmọbìnrin lé orí ike náà! Mo ti fi ojú mi rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ike tí ìkọ́ kékeré méjì di mú, tí ó yọ̀ bí ẹja àrọ̀, tí kò sí irin ìfẹsẹ̀lé lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin náà ká ẹsẹ̀ sókè, ó di awakọ̀ mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé akoto fún gbogbo ọlọ́kadà àti èrò wọn, àwọn kan fi igbá dé orí, àwọn kan fi agolo ọ̀dà. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tí ó gbé ènìyàn lé orí ìdérí ike kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dé igbá. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tí ó dé igbá kò ní owó akoto, ẹni tí ó ni alùpùpù yìí ní owó.

Ní Britain, òfin ìrìnnà ọdún 1988, ní abala kẹtàlélógún, sọ ọ́ ní ṣókí: ẹnìkan péré ni a lè gbé, kí ó ya ẹsẹ̀ jókòó, lórí ìjókòó gidi tí a dè mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ti awakọ̀. Bí ìjókòó kò bá sí, èrò kò sí nìyẹn. N kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó jẹ́ kí n yọ tèmi ni pé mo fẹ́ kí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí tìmùtìmù bá wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ènìyàn yóò máa bẹ̀ mí: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ dé ìdánwò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò. Ẹ mọ̀ wá, a kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá fún ẹni tí ó kúnlẹ̀. Ojú á ti mi, màá gbé e. Nítorí náà mo yọ ohun tí wọn yóò kúnlẹ̀ lé lórí. Ẹni tí ó bá ní agídí ju tèmi lọ lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa kọ̀.

Wọ́n ní bí ẹnìkan bá dákú lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè, ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí ó dákú ni kí n gbé sẹ́yìn ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ le kò lè dì mú? Ojú ni kí n fi wá ọkọ̀ fún un, bí mo ti ṣe ní Aṣéjìrẹ́.

Àtakò kan ṣoṣo wà tí n kò tíì borí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ sí ni ó ti wá. Àbúrò mi kò fara mọ́ ohun tí mo ṣe rárá. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ìjókòó kọ́ ni ó dá mi lẹ́sẹ̀. Eré yín ni. Ká ní ẹ rọra ni, àgùntàn ì bá ti kọjá.' Mo ti fi ọdún púpọ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Mo lè dá a lóhùn pé bí mo bá dá wà, bíréèkì yẹn ì bá ti mú, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà mọ iye tí mo ń sá lọ́jọ́ náà, nítorí ó ń wò ó ní èjìká mi. Ìdáhùn tí mo ní kò ju èyí lọ: mo mọ ara mi. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eré, èmi yóò sáré. Ìjókòó ni mo lè yọ.

Tìmùtìmù náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó bèèrè rẹ̀, mo sì fún un. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní Ìbàdàn, ó sì kàn án mọ́ orí àpótí tí ó ń jókòó lé níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo yà kí i. Ó dìde fún mi, ó fi ọwọ́ gbọn ún nù, ó ní, 'Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n mi.' Mo jókòó. Ó le, kò sì gba ìdí mi tán.

Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ìpajẹ. Ó dàbọ̀ ná o.